Kókó tó wà lára eyín ẹ̀yìn ọmọ mi: ṣé ó lè sọ ìran tí ọmọ ti wá?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọbìnrin mi máa pé ọmọ ọdún 4 láìpẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń fọ eyín fún un, mo tan iná fóònù sí i lẹ́nu, mo wá rí i pé eyín tó gbẹ̀yìn lókè ní kókó kékeré kan lára, ní inú lọ́hùn-ún níhà àjà ẹnu. Ó wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì. Àǹtí ọkọ mi wò ó, wọ́n ní eyín méjì ló lẹ̀ pọ̀, pé kí n lọ yọ ọ́ kó tó di wàhálà. Àbúrò ọkọ mi lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní àmì eyín òyìnbó ni, pé kì í sí lẹ́nu àwa èèyàn dúdú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wò mí pẹ̀lú ojú kan tí n kò rí rí nínú ilé yìí. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ẹnì kan ní irú ẹ̀ nílé wa. Eyín ìsàlẹ̀ ọmọ náà tún ní orí márùn-ún, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ni mo rí nínú àwòrán ìwé ọmọdé. Kí ni kí n ṣe?”

Ìyá ọmọ wa, mo ka lẹ́tà yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Eyín lẹ bi mí léèrè, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eyín rárá. Nítorí náà, èyí tó wúwo jù ni màá kọ́kọ́ gbé kúrò lọ́rùn yín: kókó tó wà lára eyín ọmọ yín kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó bí i. Kò lè sọ ọ́. Kò sí dókítà eyín kan láyé yìí tó lè wo kókó yẹn kó ní ọmọ lágbájá ni tàbí pé ọmọ lágbájá kọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wo ẹnu àwọn ọmọdé, mo sì ti rí irú kókó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ funfun, lẹ́nu ọmọ dúdú, lẹ́nu ọmọ pupa, débi pé n kì í kọ ọ́ sínú fáìlì mọ́ àfi tí kòtò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá jìn. Eyín méjì kọ́ ló lẹ̀ pọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká jọ wo eyín náà dáadáa. Eyín ọmọdé jẹ́ 20 lápapọ̀. Mẹ́jọ nínú wọn ló wà lẹ́yìn tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ, méjì méjì ní igun ẹnu kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣáájú, tí màá máa pè ní eyín ẹ̀yìn kìíní, sábà máa ń yọ nígbà tí ọmọ bá wà láàárín oṣù 13 sí 19. Èkejì tó tẹ̀ lé e máa ń yọ láàárín oṣù 23 sí 33. Ara èkejì yìí, lókè, ni ẹ ti rí kókó. Orí rẹ̀ ní ṣóńṣó mẹ́rin, méjì níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́, méjì níhà àjà ẹnu. Ṣóńṣó tó wà níwájú níhà àjà ẹnu ni kókó náà máa ń fara tì, bí ọmọ tó fara ti ìyá rẹ̀. Georg Carabelli, dókítà eyín kan nílùú Vienna, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé ní 1842, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Kì í ṣe ohun tí a fi “ó wà” tàbí “kò sí” mọ̀. Lẹ́nu ẹlòmíràn, ihò bí ojú abẹ́rẹ́ lásán ni. Lẹ́nu ẹlòmíràn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni. Ti ẹlòmíràn wú díẹ̀ bí ìgbà tí kòkòrò bá jẹ èèyàn lára. Ti ẹlòmíràn sì di ṣóńṣó gidi tí orí rẹ̀ dá dúró, tí ahọ́n á máa bá. Láti ojú abẹ́rẹ́ dé ṣóńṣó gidi, nǹkan kan náà ni gbogbo rẹ̀. Bó ṣe pọ̀ tó lára ló yàtọ̀.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ eyín òyìnbó ti jáde? Àbúrò ọkọ yín kò parọ́. Ohun tó kà ni kò pé. Yúróòpù ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa kókó yìí, eyín àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n sì kọ́kọ́ kà. Nígbà tí wọ́n wá fi wé ti àwọn ará ìlà-oòrùn Éṣíà àti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé kókó tó di ṣóńṣó gidi pọ̀ lẹ́nu ará Yúróòpù ju tàwọn wọ̀nyẹn lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di “àmì Yúróòpù” nínú ìwé, láìjẹ́ pé wọ́n tíì wo ẹnu àwọn ará Áfíríkà tó bó ṣe yẹ. Nígbà tó yá, ní àwọn ọdún 1990, Joel Irish, onímọ̀ kan tó ń ṣèwádìí eyín ènìyàn, ka eyín àgbà àwọn èèyàn tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, ó sì to àwọn àmì tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn jọ. Kókó Carabelli wà nínú àwọn àmì náà. Ẹ sọ fún àbúrò ọkọ yín pé kó ka ibi tó kù. Ó dùn mí pé ìdajì ọ̀rọ̀ lè wọ ilé kan kó sì da oorun ìyá ọmọ rú.

Ẹ lè ní eyín àgbà ni Irish kà, eyín ọmọdé sì ni tiwa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Eyín ẹ̀yìn kejì ọmọdé àti eyín àgbà tó máa ń yọ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́mọ ọdún 6 jọra bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Iye ṣóńṣó wọn jọ, kòtò orí wọn jọ, ibi tí kókó máa ń sọ sí jọ, àfi pé ti ọmọdé kéré, ó sì yọ bí agogo: fífẹ̀ nísàlẹ̀ nítòsí erìgì, ó wá fún lọ́rùn. Àmì tó bá wà lára ọ̀kan sábà máa ń wà lára èkejì, ó sì máa ń hàn ketekete lára ti ọmọdé ju ti àgbà lọ. Eyín ẹ̀yìn kìíní ní tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ kò jọ eyín kankan mìíràn nínú ẹnu ènìyàn, ì báà jẹ́ ti ọmọdé tàbí ti àgbà. Ó ní ibì kan tó wú jáde níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́, níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ erìgì gan-an, tí wọ́n fi orúkọ Emil Zuckerkandl, onímọ̀ kan nípa ẹ̀yà ara ènìyàn, pè. Ọ̀pọ̀ ìyá ti gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ mi nítorí ibi tó wú yẹn, tí wọ́n rò pé erìgì ló ń kó ọyún. Eyín ni. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ tún fọkàn sí i pé eyín ẹ̀yìn ọmọdé méjèèjì yóò wó láàárín ọdún 9 sí 12, eyín àgbà tó kéré jù wọ́n lọ ni yóò sì gba ipò wọn. Èyí tó yọ lọ́mọ ọdún 6 kò gba ipò ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ló ń yọ sí, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń rò pé eyín ọmọdé ni, tí wọ́n á jẹ́ kó bàjẹ́ pé “yóò ṣáà wó.”

Báwo ni kókó ṣe ń yọ lára eyín? Ẹ rántí bí àgbẹ̀ ṣe ń kọ ebè. Ebè kan kò lè gun orí èkejì, àyè gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Bí ilẹ̀ bá fẹ̀ díẹ̀ sí i, tàbí tí àgbẹ̀ náà kọ ebè rẹ̀ súnmọ́ra díẹ̀, ebè kan yóò tún rí àyè ní etí oko. Bí ilẹ̀ bá ti tán, ebè ìkẹyìn kò ní sí. Nínú oyún, ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kékeré kan ló máa ń kọ́kọ́ yọ níbi tí ṣóńṣó àkọ́kọ́ yóò wà, á sì máa ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká pé kí wọ́n dúró, kí wọ́n má tíì di ṣóńṣó. Ibi tí ohùn rẹ̀ kò dé mọ́ ni ìdìpọ̀ kejì yóò ti yọ, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta, títí eyín yóò fi dáwọ́ dàgbà dúró. Jukka Jernvall, onímọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Finland, lo àlàyé yìí ní 2000 fún eyín àwọn ẹran omi tí wọ́n ń pè ní seal nínú adágún Ladoga ní Rọ́ṣíà, tí iye ṣóńṣó eyín wọn yàtọ̀ láti orí ọ̀kan sí òmíràn nínú adágún kan ṣoṣo. Kókó Carabelli ni ebè etí oko. Ìkẹyìn ló ń dé, nítorí náà ìyípadà bíńtín nínú bí eyín ṣe tóbi tó tàbí bí àwọn ṣóńṣó ṣe jìnnà síra tó lè mú kó di ṣóńṣó gidi, tàbí kó kù bí ojú abẹ́rẹ́, tàbí kó má yọ rárá.

Nígbà wo lèyí ń ṣẹlẹ̀? Eyín ẹ̀yìn kìíní máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í le ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15 nínú oyún, èkejì ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 19. Nígbà tí ẹ bí ọmọ yín, àwọn ṣóńṣó eyín kejì yẹn ti wà lábẹ́ erìgì rẹ̀. Kí ó tó pé ọdún 1, orí eyín náà ti parí pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò rí i títí ó fi lé ní ọmọ ọdún 2. Nítorí náà, kì í ṣe ìka tí ó ń mu, kì í ṣe ìgò oúnjẹ ọmọ, kì í ṣe oògùn tí ẹ lò nígbà tí eyín ń yọ, kì í sì í ṣe ohun tí ẹ jẹ tàbí tí ẹ kò jẹ nínú oyún ló gbẹ́ kókó yẹn síbẹ̀. Bí àwọn ìyá bá jókòó síwájú mi, ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi mí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, nítorí náà mo dáhùn rẹ̀ bí ẹ kò tilẹ̀ béèrè.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àjogúnbá. Bẹ́ẹ̀ ni, a máa ń jogún bí eyín ṣe rí. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Adelaide ní Ọsirélíà ti ṣèwádìí eyín àwọn ìbejì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì hàn gbangba pé àbùdá tí a jogún lágbára gan-an lórí bí orí eyín ṣe tóbi tó àti bí kókó Carabelli ṣe yọ tó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe jíìnì (ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá òbí dé ara ọmọ) kan ṣoṣo tí bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́ bí ẹni gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ jíìnì ló ń dá sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀ díẹ̀. Bàbá lè ní ojú abẹ́rẹ́ lásán, ìyá lè ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ọmọ wọn wá ní ṣóńṣó gidi. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá jọ ṣòkòtò á jọ kíjìpá, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ eyín, ọmọ lè mú fọ́nrán kan lára ṣòkòtò, kó mú òmíràn lára kíjìpá, kó wá hun aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí nínú ilé. Ohun kan wà tí mo máa ń fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo ní ère eyín ọmọkùnrin kan tí mo fi pìlásítà ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 5. Lọ́wọ́ ọ̀tún, kókó rẹ̀ dá dúró bí orí ìṣó, èékánná lè kọ́ ọ. Lọ́wọ́ òsì, ihò kékeré kan ni, tí ẹ kò ní rí àfi tí ẹ bá yí pìlásítà náà sójú ìmọ́lẹ̀. Ọmọ kan náà, bàbá kan náà, ìyá kan náà, jíìnì kan náà lọ́tùn-ún lósì. Bí ọ̀tún àti òsì ẹnu kan bá lè yàtọ̀ báyìí, ta ni yóò wá fi kókó yanjú ọ̀rọ̀ ta ló bí ọmọ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn onímọ̀ mọ̀ ní tòótọ́ nípa ìran àti eyín ọmọdé, nítorí ìyàtọ̀ wà lóòótọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹ rò pé mò ń fi í pamọ́ láti tù yín nínú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Kazuro Hanihara, onímọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Japan, ṣe àwọn ère pìlásítà tí a lè fi díwọ̀n àmì orí eyín ọmọdé, kí ẹni tó wà ní Tokyo àti ẹni tó wà ní Chicago lè máa ka ohun kan náà. Ó wo eyín ẹ̀yìn kejì ti ìsàlẹ̀ dáadáa. Ó wo kókó tó máa ń yọ níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣóńṣó kẹfà tó máa ń yọ lẹ́yìn, ṣóńṣó keje tó máa ń há sáàárín méjì níhà ahọ́n, àti ìlà kan tó máa ń yí kọ̀rọ̀ lójijì lórí ṣóńṣó iwájú. Ó rí i pé púpọ̀ nínú àwọn àmì yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ Japan, àwọn Ainu (ọmọ onílẹ̀ àríwá Japan), àwọn Inuit (ará ilẹ̀ yìnyín ìhà àríwá) àti àwọn Pima (ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà) ti Arizona, tí wọn kò sì wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ tó ti Yúróòpù ṣẹ̀ wá. Ṣóńṣó keje yẹn náà wà lára àwọn àmì tí Irish rí pé ó pọ̀ lẹ́nu àwọn ará gúúsù Sàhárà, lára eyín àgbà. Gbòǹgbò pàápàá yàtọ̀: ní 1971, Christy Turner, onímọ̀ mìíràn nípa eyín ènìyàn, kọ nípa eyín àgbà ìsàlẹ̀ tó ní gbòǹgbò mẹ́ta dípò méjì, èyí tó pọ̀ ní ìlà-oòrùn Éṣíà àti láàárín àwọn ará ilẹ̀ yìnyín ìhà àríwá, a sì máa ń rí irú gbòǹgbò kẹta bẹ́ẹ̀ lábẹ́ eyín ẹ̀yìn àwọn ọmọdé wọn. Ní ti títóbi, eyín ọmọdé àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà, irú àwọn tí wọ́n díwọ̀n ní Yuendumu, wà lára èyí tó tóbi jù lọ tí ẹnikẹ́ni tíì díwọ̀n. A tilẹ̀ ti mọ jíìnì tó ń fa díẹ̀ nínú wọn. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní EDAR, irú rẹ̀ kan pọ̀ ní ìlà-oòrùn Éṣíà àti láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, òun ló ń mú kí ẹ̀yìn eyín iwájú wọn jin bí ojú ṣọ́bìrì, òun náà ló sì ń mú kí irun wọn ki.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ tí mò ń lò: “ó pọ̀,” “ó wọ́pọ̀.” Mi ò sọ níbì kankan pé “àwọn nìkan ló ní in.” Ká ní ọjà méjì wà. Nínú ọjà kìíní, ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn wọ aṣọ búlúù. Nínú ọjà kejì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá dúró lójú títì tí ẹ pàdé ẹnì kan tó wọ búlúù, ṣé ẹ lè búra pé ọjà kìíní ló ti ń bọ̀? Ohun tí onímọ̀ fi ń ya ọjà kan sọ́tọ̀ ni iye àwọn tó wọ búlúù nínú gbogbo èrò, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni eyín. Ní 1972, Richard Lewontin, onímọ̀ nípa àbùdá, ṣírò ìyàtọ̀ àbùdá láàárín ènìyàn, ó sì rí i pé nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló wà láàárín àwọn èèyàn tó jẹ́ ìran kan náà. Díẹ̀ ló kù tó ya ìran kan sí òmíràn. Àwọn tó ń fi eyín wá ìdí òkú tí a kò mọ̀ máa ń kó ọ̀pọ̀ àmì àti ìwọ̀n pọ̀ kí wọ́n tó sọ pé “ó jọ pé,” síbẹ̀ wọ́n ń ṣe àṣìṣe. Àwọn ìyàtọ̀ yìí pàápàá, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ èyí tó dé nítorí pé àwọn baba ńlá kan kéré níye, wọ́n ṣí lọ sí ibòmíràn, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn láàárín ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Kò túmọ̀ sí pé eyín ìran kan sàn ju ti òmíràn lọ.

Ẹ sọ pé eyín ìsàlẹ̀ ní orí márùn-ún. Márùn-ún gan-an ló yẹ kó ní: mẹ́ta níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́, méjì níhà ahọ́n. Àwòrán tó fi mẹ́rin hàn ló ṣìnà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo rí ọmọ tó ní mẹ́fà, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé eyín náà ní àbùkù. Ọ̀gá mi gba bírò lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, “Ka ti ọgọ́rùn-ún ọmọ kí o tó pe ọ̀kan ní àbùkù.” Mo kà á, ó gba oṣù bíi mélòó kan, mi ò sì kọ ọ̀rọ̀ náà sí fáìlì ọmọ kankan mọ́ nítorí ṣóńṣó kan tó lé. Ohun tó wà nínú ìwé tí a fi kọ́ṣẹ́ jẹ́ eyín àwọn èèyàn kan, níbì kan, nígbà kan.

Ní ti yíyọ tàbí fífi irin họ ọ́: ẹ jọ̀wọ́, rárá. Èèpo líle tó bo eyín ọmọdé kò nípọn, kì í sábà ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ, nǹkan bí ìdajì ti àgbà ni. Ẹran inú eyín náà, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan wà, fẹ̀, ó sì na ìwo sókè sínú àwọn ṣóńṣó, ó tilẹ̀ lè na ìwo kékeré sínú kókó yẹn pàápàá. Ẹni tó bá họ ọ́ lè ṣí ẹran eyín sílẹ̀ níbi tí ìrora kankan kò sí tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá sì yọ eyín náà lọ́mọ ọdún 4, ibi tó ṣófo yóò wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà tàbí méje. Eyín tó ń bọ̀ lọ́mọ ọdún 6 yóò sún wá sí àyè yẹn, eyín àgbà tó yẹ kó jáde níbẹ̀ kò sì ní rí ọ̀nà. Eyín ẹ̀yìn ọmọdé fẹ̀ ju àwọn tó ń gba ipò wọn lọ. Hays Nance, dókítà eyín kan, ṣírò rẹ̀ ní 1947 pé àyè tó máa ń ṣẹ́ kù jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 0.9 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lókè, 1.7 ní ìsàlẹ̀. Ìṣirò yẹn náà kò rí bákan náà fún gbogbo ìran, nítorí eyín ò tóbi bákan náà. Àyè bíńtín ni, ṣùgbọ́n òun ni eyín àgbà fi ń tò dáadáa.

Ohun tó yẹ kó gba àkókò yín ni kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín kókó àti eyín. Ibẹ̀ ni ìdọ̀tí máa ń há sí. Lẹ́yìn tí ẹ bá fọ eyín tán, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé orí lé yín lẹ́sẹ̀, kó la ẹnu, ẹ fi aṣọ mímọ́ tónítóní nu eyín náà gbẹ, kí ẹ tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́. Bí kòtò náà bá dán, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti eyín yòókù, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá rí àwọ̀ funfun tó ṣú bí ẹfun ní ojú kòtò náà, kòkòrò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti di àwọ̀ ilẹ̀ tó rọ̀, ẹ má dúró. Ẹ máa yí búrọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ kí irun rẹ̀ lè wọ ibẹ̀ láti ìhà àjà ẹnu. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fulóráìdì ni kí ẹ lò, ìwọ̀nba tó tó ẹ̀wà kékeré kan fún ọmọ tó ti lé ní ọdún 3. Àwọn dókítà kan á ní kí a fi nǹkan dí kòtò náà pa. Mo máa ń ṣe é fún ọmọ tí kòtò rẹ̀ jìn tó sì lè jókòó jẹ́jẹ́, nítorí bí itọ́ bá kàn án nígbà tí à ń ṣe é, kò ní lẹ̀ dáadáa, yóò ṣí kúrò, ìdọ̀tí á sì há sábẹ́ rẹ̀. Bí kòtò kò bá jìn, búrọ́ọ̀ṣì tó. Láti inú lẹ́tà nìkan, mi ò lè sọ bí ti ọmọ yín ṣe jìn tó. Ẹni tó bá fi dígí kékeré wò ó lójúkojú ni yóò sọ. Bí mo bá ní kí n sọ òótọ́, ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù lẹ́nu ọmọ ọdún 4 ni àárín eyín ẹ̀yìn kìíní àti kejì, níbi tí wọ́n ti fara kan ara wọn gbalaja, tí kòkòrò máa ń jẹ níbẹ̀ láìjẹ́ kí ojú rí i títí ihò á fi ya. Okùn ìfọyín ni ẹ fi máa gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́.

Ọ̀kan wà tó kan àwa dókítà, ẹ lè fi béèrè bó bá dé ọ̀dọ̀ yín. Bí eyín ọmọdé bá ti bàjẹ́ púpọ̀, a máa ń fi ìdérí irin tí ilé iṣẹ́ ti ṣe sílẹ̀ bò ó. Ìdérí yìí ní ìwọ̀n àti ìrísí tí wọ́n mú láti ara eyín àwọn èèyàn kan, nítorí náà kì í bá gbogbo ọmọ mu. Eyín tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tàbí tó ní kókó níhà kan máa ń fẹ́ kí a tẹ etí ìdérí náà, kí a sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ ìran wúlò fún mi lójoojúmọ́: kí n mọ̀ pé ọmọ kò ní láti bá ìdérí mu, ìdérí ló ní láti bá ọmọ mu.

Ìgbà wo ni ìrísí eyín yẹ kó gbé yín dìde? Bí eyín kan ṣoṣo bá yàtọ̀ sí ẹnìkejì rẹ̀ ní àwọ̀, tó pọ́n tàbí tó rí bíi ṣọ́ọ̀kì, tó sì ń ya díẹ̀ díẹ̀. Bí kókó bá yọ sí àárín orí eyín gan-an níbi tí òkè àti ìsàlẹ̀ ti ń pàdé, nítorí orí irú rẹ̀ lè kán. Bí eyín ẹ̀yìn bá dà bí ẹni ń rì sísàlẹ̀ sí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí erìgì tó wà níbẹ̀ bá wú tàbí tí ọmọ kò fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun mọ́. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn nínú ohun tí ẹ kọ sí mi, kókó yín sì wà lọ́tùn-ún lósì, èyí tó tún fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ní ti ilé, ìyá ọmọ wa, mo bá yín kẹ́dùn ojú tí wọ́n fi ń wò yín. Ẹ gbé lẹ́tà yìí fún ọkọ yín kó kà á fúnra rẹ̀. Bó bá wù yín, kí ẹ jọ tan iná wo ẹnu ara yín, níhà àjà ẹnu, lára eyín ńlá àkọ́kọ́ lókè. Ẹ lè rí ìlà, ẹ lè rí ihò, ẹ lè rí kókó. Ẹ tún lè má rí nǹkan kan, nítorí eyín àgbà a máa jẹ, wọ́n a máa dí i, wọ́n a máa yọ ọ́, kókó kékeré a sì máa parẹ́. Bí ẹ kò bá rí i, kò túmọ̀ sí ohunkóhun. Bàbá ọmọ, tí ẹ bá ń ka ibí yìí: àyẹ̀wò DNA nìkan ló ń dáhùn ìbéèrè ẹni tó bí ọmọ, kò sì sí ohun kan lára eyín yìí tó fi yẹ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wọlé yín rárá.

Bí ọmọ náà bá pé ọdún 6 tàbí tó lé díẹ̀, eyín tuntun kan yóò yọ lẹ́yìn èyí tí à ń sọ yìí, láìjẹ́ pé eyín kankan wó. Ẹ tan iná wò ó níhà kan náà. Ó ṣeé ṣe kí kókó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kó tóbi ju ti àkọ́kọ́ tàbí kó kéré sí i. Ti àgbà nìyẹn, yóò bá a dé ogbó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì kan án láti ọjọ́ tí orí rẹ̀ bá ti la erìgì jáde.